Kọ́kọ́rọ́ validator, páswọ́ọ̀dù ẹ̀, àti ẹlẹ́rìí tó sọ ọ̀rọ̀ méjì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá àbúrò mi kan pè mí láti Ìkẹ́rẹ́, kò tiẹ̀ kí mi dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù validator ọ̀gá mi o, ṣé owó wọn ti lọ nìyẹn?" Ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, owó kankan ò lọ. Àmọ́ ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń bá èèyàn mójú tó validator Ethereum (ètò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì) l'Ékìtì ló ń da kọ́kọ́rọ́, páswọ́ọ̀dù àti ọ̀rọ̀ 24 tí wọ́n fi ń dá kọ́kọ́rọ́ náà padà tó bá sọnù pọ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká tibi validator fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé ààfin Ewì, wọ́n á pe ẹlẹ́rìí tó mọ ààlà, wọ́n á ní kó sọ ibi tí oko baba lágbájá parí sí. Iṣẹ́ validator nìyẹn lórí Ethereum. Látọjọ́ 15 September 2022 tí wọ́n ti pa mining tì, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn díje, àwọn ẹlẹ́rìí yìí ló ń sọ pé block báyìí, ìyẹn ìdìpọ̀ àkọsílẹ̀ owó tó wọlé tó jáde, ló tọ̀nà. Kó o tó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí wàá fi ETH (owó Ethereum) 32 ó kéré tán sílẹ̀ bí owó ìdúró, lẹ́yìn náà ní gbogbo ìṣẹ́jú 6 àti sẹ́kọ́ọ̀ńdù 24, tí wọ́n ń pè ní epoch, validator ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ohun tó rí lẹ́ẹ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ ló fi ń fọwọ́ sí i.

Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà. Signing key ni èyí tó ń fọwọ́ síwèé lójoojúmọ́, inú kọ̀ǹpútà tí kì í sùn ló ń gbé. Withdrawal key ni tẹni tó lowó. Àpẹẹrẹ èmi fúnra mi: ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ló lowó, èmi ni mò ń bá wọn mójú tó ẹ̀rọ l'Ádó. Signing key wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ 24 tí kọ́kọ́rọ́ náà ti jáde wà lọ́wọ́ wọn, mi ò rí i rí, mi ò sì fẹ́ rí i. Látọjọ́ 12 April 2023 tí ọ̀nà ti là fún owó láti jáde, àdírẹ́sì tẹ́ ẹ bá ti so validator yín mọ́ lowó ń lọ, tẹ́ ẹ bá sì ti so ó kò ṣeé yí padà. Torí náà olè tó bá gbé kọ̀ǹpútà mi lọ ò lè fi signing key kó owó ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tó lè ṣe ni kó fi orúkọ wọn jẹ́rìí èké, kí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ gé nínú owó wọn.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹlẹ́rìí tí ò wá sí kóòtù lónìí, ìtanràn díẹ̀ ni. Àmọ́ ẹlẹ́rìí kan náà tó sọ fún ìjòyè kan pé ìdí ìrókò ni ààlà wà, tó tún lọ sọ fún òmíràn pé ìdí odò ni, wọ́n á lé e jáde. Slashing nìyẹn. Ohun tó sì sábà máa ń fà á kì í ṣe olè o, àwa fúnra wa ni, àwa tí iná ń dà láàmú.

Mo máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Adébáyọ̀, wọ́n mú iná lọ látàárọ̀, inverter ti kú, kọ̀ǹpútà kékeré tí mo gbé sórí fíríìjì ti dákẹ́. Ó ń ṣe mí bíi pé owó ẹ̀gbọ́n mi ń jò. Mo ní láptọ́ọ̀pù kan tí mo ti tò sílẹ̀ torí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo bá kó keystore, fáìlì tí signing key wà nínú ẹ̀, síbẹ̀, mo tẹ páswọ́ọ̀dù, mo fi dátà fóònù gbé e dìde. Kò tí ì pẹ́ tí mo fẹ̀yìn ti àga ni àdúgbò pariwo "Úpù NÉPÀ!" Mo gbọ́ fáànù kọ̀ǹpútà orí fíríìjì, fììì. Èmi ni mo ṣe é kó máa jí fúnra ẹ̀ tíná bá dé, páswọ́ọ̀dù sì wà nínú fáìlì kó má baà máa dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ méjì, kọ́kọ́rọ́ kan. Ara mi tutù.

Ohun tó yọ mí ni nǹkan tí wọ́n ń pè ní doppelganger protection tí mo tan sórí láptọ́ọ̀pù. Kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ fọwọ́ sí nǹkan lójú ẹsẹ̀, ó máa ń tẹ́tí sílẹ̀ bí epoch méjì kó lè mọ̀ bóyá ẹnì kan ti ń fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sọ̀rọ̀ níbòmíì. Ó gbóhùn ti orí fíríìjì, ó kọ ọ́ sínú log, ìyẹn àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀, ó pa ara ẹ̀. Ẹ má wá gbójú lé e o. Ká ní orí ẹ̀rọ méjèèjì ni mo tàn án sí, tí wọ́n sì jí lásìkò kan náà, àwọn méjèèjì ì bá dákẹ́ tẹ́tí, wọn ò ní gbóhùn ara wọn, wọ́n á wá jọ lahùn pa pọ̀.

Bẹ́ẹ̀, kí ni mò ń sá fún? Tí validator bá kú fún ọjọ́ kan, ohun tó máa pàdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ì bá pa lọ́jọ́ yẹn, kò jù bẹ́ẹ̀, àfi tí èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo validator ayé bá kú lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá slash ẹ, ETH 1 ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé nínú 32 tẹ́lẹ̀, àtúnṣe Pectra ti May 2025 ti dín ìyẹn kù gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣì lé ẹ jáde, owó á há síbẹ̀ fún bí ọjọ́ 36, wọ́n á sì máa gé díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kíná lọ jàre. Ẹ sùn.

Tó bá di dandan kẹ́ ẹ kó kúrò lórí ẹ̀rọ kan, ẹ pa ti àtijọ́ ná, kẹ́ ẹ yọ keystore kúrò lórí ẹ̀ pátápátá, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn yọ wáyà. Client kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sọ́fútíwia tó ń gbé validator ṣiṣẹ́, Lighthouse ni o, Prysm, Teku, Nimbus tàbí Lodestar, ló ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo ohun tó ti fọwọ́ sí sí, slashing protection database. Ẹ gbé ìwé yẹn jáde, ẹ kó o lọ sórí ẹ̀rọ tuntun kó tó jí, gbogbo wọn ló lè ka ti ara wọn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dúró fún epoch bíi mélòó kan kẹ́ ẹ tó tan tuntun.

Ó ku páswọ́ọ̀dù. Keystore ni fáìlì JSON tí signing key wà nínú ẹ̀, wọ́n ti fi páswọ́ọ̀dù tì í pa. Iṣẹ́ páswọ́ọ̀dù ò ju ìyẹn lọ, kò mọ nǹkan kan nípa owó. Tó bá sọnù, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ 24 lè tún keystore yẹn ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó fún un ní páswọ́ọ̀dù tuntun, kọ́kọ́rọ́ inú ẹ̀ ò ní yí padà. Ọ̀rọ̀ 24 yẹn ni ò gbọdọ̀ sọnù, kò gbọdọ̀ wọ WhatsApp, ẹ má yà á ní fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́ tiwọn sára irin, torí wọ́n mọ ohun tí ikán fi ìwé ilẹ̀ bàbá wa ṣe.

Mo wá bi àbúrò mi bóyá ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní tíná bá lọ tó dé, ṣé ó ń jí fúnra ẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ta ló ń bá a tẹ páswọ́ọ̀dù nígbà yẹn? Ó dákẹ́. Lighthouse ló ń lò, mo ní kó ṣí validator_definitions.yml, pé yálà kó bá páswọ́ọ̀dù níbẹ̀ tàbí kó bá ojú ọ̀nà ibi tó wà. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. "Bọ̀ọ̀dá mi, òun rèé gbangba! Ó ti wà níbí látọjọ́ yìí?" Mo ní kó kọ ọ́ síwèé, kó má kó o sórí flash kan náà tó kó keystore sí, kó sì fi chmod 600, àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì tó ń lo kọ̀ǹpútà náà ka fáìlì, sórí fáìlì yẹn kó tó gbé fóònù sílẹ̀. Mo dúró lórí ìlà títí tó fi ṣe é tán.