Ewì Àpọ́n Kò Nílò Edé

Nínú àwọn ewì táwọn ọ̀dọ́ máa ń gbé wá pé kí n bá àwọn yẹ̀ wò, ti ìdáwà ló pọ̀ jù. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ báyìí:

Mo dá wà nílé,
Mo ń wo ayé,
Mo ń jẹ ìrẹsì pẹ̀lú edé.

Mo bi í pé kí ledé wá ṣe níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìparí ìlà lè bára mu ni.

Ó bára mu lóòótọ́. Àmọ́ fáwẹ́lì ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ Yorùbá, fáwẹ́lì ọ̀hún ò sì pọ̀: àìránmúpè 7, aránmúpè díẹ̀. Ẹ ju òkúta sọ́jà, á ba ọ̀rọ̀ tó parí sí "é". Irú ìdárà yẹn níyì lédè Gẹ̀ẹ́sì torí pé ó ṣòro í rí níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ yanturu ni.

Ohùn ni tiwa. Obìnrin tí wọ́n ń fi "ìgbà wo lo máa lọ́kọ?" dà láàmú lè fún wọn lésì:

Ẹ ní mi ò lọ́kọ.
Mo lọ́kọ́, mo fi ń roko.
Mo lọ́kọ̀, mo fi ń rọjà.
Ọkọ nìkan ló kù, ẹ jẹ́ ó máa rọra bọ̀.

Lọ́kọ, lọ́kọ́, lọ́kọ̀: kọ́ńsónáǹtì ò yí, fáwẹ́lì ò yí, ohùn tó gbẹ̀yìn nìkan ló ń ṣe re, mí, dò. Ẹ fi gángan lù ú, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹni tó bá wá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù láìfi àmì sí i, "mo loko, mo loko", ti sọ arábìnrin yẹn di àgbẹ̀ lásán.

Ní ti ìwọ̀n ìlà, ẹ má jókòó ti sílébù. Èémí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: ibi tẹ́nu bá ti fẹ́ sinmi, ibẹ̀ ni kí ìlà dúró. "Mo ní ọkọ́" jẹ́ sílébù 4, "mo lọ́kọ́" jẹ́ 3; ẹ sọ méjèèjì jáde, ẹnu yín á mú èyí tó wọ̀ ọ́.

Àwítúnwí gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọge tó ń sun ẹkún ìyàwó nílẹ̀ Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, tó ń dágbére fún ilé bàbá rẹ̀, lè pààrọ̀ ẹni tó ń kí, kó má pààrọ̀ ẹ̀bẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí lẹ́nu àpọ́n:

Mo dénú ilé, mo pè, èmi náà ni mo jẹ́.
Mo gúnyán, èmi náà ni mo jẹ ẹ́.
Mo jẹun tán, èmi náà ni mo fọ abọ́.
Òjò rọ̀ lóru, mo ní, "Sún mọ́ mi."

Ẹ gbọ́ bí "jẹ́" ṣe fà di "jẹ ẹ́". Ìyẹn dára, àmọ́ ìlà kẹrin ló ni ewì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni "èmi náà" ti dún. Etí ti la sílẹ̀ de ẹ̀kẹrin, kò sì dé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ àpọ́n náà lóhùn, tó fi mọ́ òun fúnra rẹ̀. Ká ní mo fi "èmi náà" síbẹ̀ ni, ẹ̀rín lásán la bá rín.

Ọmọkùnrin tó kọ ewì àkọ́kọ́ yẹn ti yọ edé kúrò. Ó ku ìrẹsì, a ṣì ń jà lórí ìyẹn.