Ọta wo ló yẹ ọdẹ tó fẹ́ ní ìbọn kan ṣoṣo?

Ìbéèrè: Ìbọn ráífù kan ṣoṣo ni agbára mi ká, mo sì fẹ́ máa fi pa ẹran ńlá oríṣiríṣi, láti orí àgbọ̀nrín títí dé orí béárì. Ọta wo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ọta tí wọ́n ń pè ní .30-06 ni màá ní kẹ́ ẹ mú. Ọdún 1906 ni ológun Amẹ́ríkà gbà á wọlé, kò sì sí irú ẹran ńlá kan ní Àríwá Amẹ́ríkà tí ọdẹ ò tíì fi pa. Ohun tó jẹ́ kó wúlò báyìí ni pé oríṣiríṣi ìwọ̀n orí ọta, ìyẹn apá tó ń fò jáde lẹ́nu ìbọn, ló lè gbé. Ẹ lè fi ti gíráàmù 9.7 pa àgbọ̀nrín, kẹ́ ẹ fi 11.7 pa èyí tó tóbi jù ú lọ, kẹ́ ẹ sì ki 14.3 sínú ìbọn kan náà lọ́jọ́ tó bá jẹ́ béárì inú igbó dídí lẹ̀ ń lépa.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ẹ ò mú .300 Winchester Magnum? Ṣebí òun ló lágbára jù.

Ìdáhùn: Ó lágbára jù lóòótọ́. Orí ọta gíráàmù 11.7 máa ń jáde lẹ́nu .30-06 ní nǹkan bíi mítà 820 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; .300 Magnum a gbé e dé 900. Agbára rẹ̀ fi bí ìdá kan nínú márùn-ún ju ti èkejì lọ. Ṣùgbọ́n èjìká ọdẹ ló ń jìyà rẹ̀. Ìbọn tó bá ń gbáni gan-an, ara á ti máa sá fún un kó tó dún: ojú á dì, ọwọ́ á gbọ̀n, ọta á sì bá ikùn ẹran dípò ẹ̀dọ̀fóró. Ẹran tí ọta bà níkùn lè sá wọgbó, kó máa jẹ̀rora fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó kú, ì báà jẹ́ Magnum ni wọ́n fi yìn ín. Èyí ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọta tẹ́ ẹ bá lè yìn léraléra láìfòyà ni kẹ́ ẹ mú.

Ìbéèrè: .308 Winchester àti .270 ńkọ́?

Ìdáhùn: .308, tó jáde lọ́dún 1952, kúrú ju .30-06 lọ, àmọ́ orí ọta wọn fẹ̀ bákan náà, ìyàtọ̀ eré wọn ò sì tó nǹkan. Bí ìbọn rẹ̀ bá bá yín lára mu, ẹ rà á. .270 dára fún ẹran pápá tó wà lókèèrè, ṣùgbọ́n orí ọta rẹ̀ fúyẹ́ fún béárì ńlá.

Ìbéèrè: Ṣé orí ọta èyíkéyìí ló ṣe é lò?

Ìdáhùn: Rárá o, ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọdẹ kì í bìkítà sí. Orí ọta òjé tí wọ́n fi bàbà bò, tí wọ́n wá ṣí imú rẹ̀ sílẹ̀, máa ń fẹ̀ bó bá ti wọ ara ẹran. Èyí tí bàbà bo imú rẹ̀ pátápátá, irú tàwọn ológun, á kàn gún ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ibi ni òfin ti kà á léèwọ̀ fún ọdẹ. Èyí tó rọ̀ jù náà ní wàhálà tirẹ̀. Bó bá fi eré ńlá kan egungun apá ẹran nítòsí, ó lè fọ́ yángá láìdé ọkàn. Fún ẹran tó bá rí gìrìwò, ẹ wá èyí tí wọ́n lẹ òjé rẹ̀ mọ́ bàbà, tàbí èyí tó jẹ́ bàbà látòkèdélẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé .30-06 á ran erin àti ẹfọ̀n?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Òótọ́ ni pé Walter Bell, ará Scotland, fi ọta 7x57 kékeré pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ erin, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ọpọlọ erin wà dáadáa, orí ọta líle tí kì í fẹ̀ ló sì ń lò. Ọta .375 H&H ti ọdún 1912 ló tọ́ síbẹ̀: orí ọta gíráàmù 19.4 ló ń yìn, ní bíi mítà 760 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan, òfin ò gbà kí ọdẹ fi ọta tó kéré sí i kojú ẹran eléwu. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ fẹ́ lọ, ẹ yá ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń mú yín lọ, kẹ́ ẹ sì fi kọ́ra níbi àmì kẹ́ ẹ tó wọgbó.