Ibi tí Joe Cocker ti Rí Ẹ̀bùn Títún Orin Olórin Kọ

Nínú gbogbo àwọn olórin rọ́ọ̀kì tí Ìlú Ọba bí, n kò rí ẹni tí ó mọ orin olórin gbà bí ẹni pé òun gan-an ni ó bí i ju Joe Cocker lọ. Púpọ̀ nínú orin tí ayé fi mọ̀ ọ́n ni ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ti gbé jáde ṣáájú rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí ó bá gba orin náà sẹ́nu tán, tirẹ̀ ni àwọn ènìyàn á máa bèèrè. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti yìn ín fún èyí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó wá ìdí rẹ̀ dé gbòǹgbò. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ olórin Beatles ni ó sọ ọ́ di ènìyàn, nítorí pé orin wọn ni ó gbé e dé òkè. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ àwọn tí ó ń darí rẹ̀ nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni. Èrò tèmi yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Inú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ni ẹ̀bùn yìí ti ṣẹ̀, ọwọ́ olórin aláwọ̀ dúdú Ray Charles ni Cocker sì ti gbà á.

Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1944 ni wọ́n bí John Robert Cocker ní àdúgbò Crookes ní Sheffield, ìlú tí a mọ̀ mọ́ irin rírọ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni àbíkẹ́yìn Harold àti Madge Cocker, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni bàbá rẹ̀. Ìtàn méjì ni ó wà lórí bí ó ṣe di Joe. Àwọn kan ní inú eré ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní Cowboy Joe ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan ní ọkùnrin kan tí ó máa ń nu fèrèsé káàkiri àdúgbò ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti eré ọmọdé ni mo fara mọ́, nítorí pé ó bá ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà mu. Nígbà tí ó di ọdún 1961, orúkọ mìíràn ni ó tún gbé wọ̀, ó ń pe ara rẹ̀ ní Vance Arnold: ó mú Vance láti ara Vince, ẹni tí Elvis Presley ṣe nínú fíìmù kan, ó sì mú Arnold lára Eddy Arnold, olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó lè fi orúkọ ẹni méjì hun ẹyọ kan fún ara rẹ̀ báyìí ti ń kọ́ iṣẹ́ tí yóò fi orin ṣe lọ́jọ́ iwájú.

Ìgbà èwe rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń sáré kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a jókòó sí. Ní nǹkan bí ọdún 1956, skiffle ni ó gba ọkàn àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orin tí wọ́n ń fi gìtá àti pákó ìfọṣọ kọ. Lonnie Donegan, ọmọ tí wọ́n bí ní Glasgow, ni aṣíwájú rẹ̀, orin “Rock Island Line” sì ni ó fi gbòde. Ta ni ó ni orin náà? Ní ọdún 1934, nígbà tí John Lomax ń kó orin jọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Arkansas, tí Lead Belly, olórin aláwọ̀ dúdú, sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹnu àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Lead Belly wá gbà á, ó tún un ṣe, ó sọ ọ́ di tirẹ̀. Donegan náà gbà á lẹ́nu Lead Belly, ó sáré sí i, ó sọ ọ́ di tirẹ̀. Orin tí ó kọ́kọ́ kó sí etí gbogbo ọmọ ìgbà náà jẹ́ orin tí ó ti kọjá ní ọwọ́ mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí ohun ìtìjú nínú rẹ̀.

Victor, ẹ̀gbọ́n Joe, ní ẹgbẹ́ skiffle tirẹ̀. Ọmọ ọdún 12 ni Joe nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é sórí ìtàgé pé kí ó wá kọrin, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò kọrin níwájú èrò nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí orin tí ó kọ lọ́jọ́ náà wà lára àwọn orin tí ó ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wọ̀n tàbí alágbàṣe oko òwú wá, nítorí pé irú rẹ̀ ni skiffle ń jẹ. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àtúnkọ orin àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó fi ṣí ẹnu, ọdún méjìlá gbáko ṣáájú kí ó tó kọ orin tí ó sọ ọ́ di olókìkí.

Ẹni tí ó wá kọ́ ọ ní iṣẹ́ gan-an ni Ray Charles, ọmọ Georgia tí ó dàgbà sí Florida, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ní ọdún 1954, Ray Charles gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan tí àwọn Southern Tones ń kọ, ó mú ìrìn rẹ̀, ó mú ìkígbe rẹ̀, ó yọ Jésù kúrò nínú rẹ̀, ó fi obìnrin rọ́pò, ó sì pè é ní “I Got a Woman”. Inú bí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni orin tí wọ́n ń pè ní sóòlù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 1959 ó gbé “What’d I Say” jáde, níbi tí òun àti àwọn obìnrin elégbè rẹ̀ ti ń dá ara wọn lóhùn títí tí ọ̀rọ̀ fi tán tí ó ku ìró ohùn nìkan. Ní ọdún 1960 ó mú “Georgia on My Mind”, orin Hoagy Carmichael tí ó ti pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ní ọdún 1962 ó kó odidi àwo orin ìgbèríko àwọn aláwọ̀ funfun, ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé inú ìsìn Sunday ni ó wà. Ẹni tí ó bá ń kọrin lílé àti ègbè nílé wa, yálà nínú dùndún ni o, tàbí nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà, kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí Ray Charles ń ṣe: ó ń wá àyè tí ègbè yóò gbà wọlé nínú orin tí kò ní ègbè tẹ́lẹ̀.

Cocker kò fi ìfẹ́ rẹ̀ sí Ray Charles pamọ́ láyé rẹ̀. Ní ọjọ́ iṣẹ́, ó ń kọ́ṣẹ́ títo páìpù gáàsì. Ní alẹ́, ó ń fi orin Ray Charles àti ti Chuck Berry ṣeré nínú àwọn ilé ọtí Sheffield. Ní ọdún 1963 ó kọrin ṣáájú kí ẹgbẹ́ Rolling Stones tó gun orí ìtàgé nínú gbọ̀ngàn ìlú náà.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ tí ó tako àwọn tí ó ń fi gbogbo nǹkan lé àwọn Beatles lọ́wọ́. Ní ọdún 1964, ilé iṣẹ́ agbáwojáde Decca gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Orin àwọn Beatles ni, “I’ll Cry Instead”, Jimmy Page sì wà lára àwọn tí ó ta gìtá sí i. Kò sí ẹni tí ó rà á. Tí ó bá jẹ́ pé orin Beatles nìkan ni ó ń sọ Cocker di Cocker, kí ló dé tí ti ọdún 1964 fi já sófo? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà: ó kọ ọ́ bí àwọn oní-orin ṣe kọ ọ́. Kò tíì wọ inú orin náà lọ láti tú u palẹ̀.

Lẹ́yìn tí Decca fi í sílẹ̀, ó kó ẹgbẹ́ kan jọ, wọ́n sì lọ ń ṣeré ní àwọn ibùdó ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ìwé kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan nípa àsìkò yìí, ṣùgbọ́n mo gbà pé ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti yí. Ọmọ Sheffield tí ó fẹ́ kọ orin Ray Charles fún àwọn sójà tí wọ́n ti Georgia àti Alabama wá kò lè fi ẹnu lásán kọ ọ́. Àwọn èrò tí ó mọ orísun orin ni ó wà níwájú rẹ̀, wọn yóò sì fi hàn án kíákíá bí ó bá ń parọ́.

Nígbà tí ó padà sí ilé, ó dáwọ́ orin dúró fún nǹkan bí ọdún kan, kí òun àti Chris Stainton tó dá ẹgbẹ́ Grease Band sílẹ̀. Ó wá mú “With a Little Help from My Friends”, orin tí Lennon àti McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles kọ fún Ringo Starr, onílù wọn, nínú àwo wọn ti ọdún 1967. Lẹ́nu Ringo, orin ìdùnnú ni, tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí ó ń rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í ní ìbéèrè kéékèèké, òun náà ń dáhùn. Cocker fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé inú ilé ìyàgbẹ́ tí ó wà lẹ́yìnkùlé àwọn òbí òun ni òun jókòó sí nígbà tí ó sọ sí òun lọ́kàn pé orin náà lè máa lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ó sọ ọ́ di ohun tí ó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Dùùrù Tommy Eyre ni ó ṣí i bí ẹni ń ṣí ìsìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gìtá Jimmy Page wọlé gàn-ùn pẹ̀lú ìlù B.J. Wilson ti ẹgbẹ́ Procol Harum. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́, ohùn Cocker nìkan sì bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, bí ohùn ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán.

Ẹ fi etí sí àwọn ìbéèrè náà. Nínú ti Ringo, eré ni. Nínú ti Cocker, àwọn obìnrin mẹ́ta ni ó ń bèèrè: Madeline Bell, Rosetta Hightower àti Sunny Wheetman. Madeline Bell jẹ́ ọmọ Newark ní New Jersey, akọrin ìhìnrere ni, inú ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé orin ṣọ́ọ̀ṣì, “Black Nativity”, ni ó sì bá dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Rosetta Hightower ni ó ń lé orin fún àwọn Orlons ti Philadelphia kí ó tó kó lọ sí Ìlú Ọba. Wọ́n ń bi ọkùnrin yìí ní ìbéèrè bí ìjọ ṣe ń bi ẹni tí ó ń jẹ́rìí ní ìbéèrè, òun náà ń dáhùn pẹ̀lú igbe, títí tí igbe kan fi já gba inú orin náà kí wọ́n tó tún ègbè gbé. Ìtumọ̀ orin náà yí padà pátápátá. Ọ̀rẹ́ tí Ringo ń dárúkọ di ohun tí ènìyàn ń dì mú kí ó má baà rì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1968, orin náà dé ipò kìíní ní Ìlú Ọba.

Àwọn kan fi gbogbo èyí fún Denny Cordell tí ó darí ìgbohùnsílẹ̀ náà. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àjọ̀dún orin Woodstock kò jẹ́ kí àríyànjiyàn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1969, ní oko kan ní Bethel ní ìpínlẹ̀ New York, Cocker àti Grease Band nìkan ni ó gun orí ìtàgé, kò sí Cordell, kò sí Page, kò sì sí àwọn obìnrin náà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláró, ọwọ́ rẹ̀ ń ta gìtá tí kò sí níbẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe sí ègbè? Àwọn ọkùnrin tí ó ń ta gìtá gbé ohùn wọn lọ sókè tín-ín-rín, wọ́n ń gbè bí obìnrin. Wọn kò lè fi àyè náà sílẹ̀ lófo, nítorí pé láìsí ègbè kò sí orin. Nínú orin tí ó kọ lọ́jọ́ náà kan náà ni “Let’s Go Get Stoned” wà, tí Ray Charles ti sọ di òkìkí ní ọdún 1966.

Èyí tí ó kù kò ṣòroó tò. McCartney àti George Harrison, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Beatles, fún un láyè láti kọ orin wọn sínú àwo rẹ̀ kejì. Ní ọdún 1970, òun àti Leon Russell, olórin Amẹ́ríkà kan, kó èrò olórin tí ó lé ní ọgbọ̀n rìn káàkiri Amẹ́ríkà, “The Letter”, tí ẹgbẹ́ Box Tops kọ ní ìṣẹ́jú tí kò tó méjì, di orin ńlá alákọrin lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1974 ó mú “You Are So Beautiful” lọ́wọ́ Billy Preston, ẹni tí ó ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré tí ó sì ti bá Ray Charles ṣiṣẹ́. Ó fà á lọ́ra, ó fi pianó tì í lẹ́yìn, ó sì jẹ́ kí ohùn òun já ní ọ̀rọ̀ ìparí láì tún un ṣe. Ó dé ipò karùn-ún ní Amẹ́ríkà. Ọtí àti oògùn dà á láàmú, ó sì bọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1987 ó padà sí orísun, ó kọ “Unchain My Heart”, orin tí Ray Charles ti kọ ní ọdún 1961.

Ó kú ní Colorado ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2014, ní ẹni 70 ọdún. McCartney sọ nígbà náà pé òun kò ní yé dúpẹ́ fún ohun tí ó fi orin wọn dà. Ní ọdún 2025 ni wọ́n tó gbà á sínú Rock and Roll Hall of Fame, ilé ọlá àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà, ọdún 39 lẹ́yìn tí wọ́n ti gba Ray Charles sí i lára àwọn àkọ́kọ́.