Bí Iṣẹ́ Mímú Igbó Kelp Padà Bọ̀ Sípò Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Kelp ni ewéko òkun ńlá tí ó máa ń di àpáta mú nísàlẹ̀ omi tútù, tí yóò sì ga sókè títí ewé rẹ̀ yóò fi tẹ́ sójú omi. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn ará Jàpáánù ti ń ju òkúta sínú òkun kí ó lè rí ibi dì mú, nítorí pé oúnjẹ ni wọ́n ń fi í ṣe. Ṣùgbọ́n ní etíkun California ni wíwá ìdí tí igbó náà fi ń parun ti di iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, omi ẹ̀gbin láti Los Angeles àti agbègbè rẹ̀ ń ṣàn sínú òkun, igbó kelp Palos Verdes, ní etíkun tí kò jìnnà sí Los Angeles, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Omi ẹ̀gbin náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Ní 1957, Tampico Maru, ọkọ̀ tí ó kó epo dísẹ́ẹ̀lì, forí sọ àpáta ní Baja California ní Mẹ́síkò, epo rẹ̀ sì pa òòrẹ̀ òkun, ohun abẹ̀mí roboto tí ẹ̀gún bò lára, lọ rẹpẹtẹ. Nígbà tí Wheeler North, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí inú òkun, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mòòkùn láti wo ọṣẹ́ tí epo náà ṣe, kelp tuntun ni wọ́n bá tí ó ń hù yọ̀yọ̀. Ìdí kelp ni òòrẹ̀ òkun máa ń jẹ. Bí ìdí bá ti já, odidi igi rẹ̀, tí ó lè gùn ju mítà 30 lọ, yóò tú, omi a sì gbé e lọ. Otter, ẹranko tí ì bá máa pa òòrẹ̀ òkun jẹ, ni àwọn ọdẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán nítorí awọ rẹ̀.

Láti 1963, North darí ètò àtúnṣe ibùgbé kelp. Àwọn amòòkùn ń fi òòlù fọ́ òòrẹ̀ òkun lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń da ẹfun sísun lé àwọn mìíràn lórí, wọ́n sì ń so kelp àgbà tí wọ́n kó láti ibòmíràn mọ́ àpáta. Ti ẹfun yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ohun abẹ̀mí mìíràn pẹ̀lú kò ní í ṣàì fara gbá nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, bí wọ́n ṣe ń fọ omi ẹ̀gbin mọ́ sí i, igbó Palos Verdes bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Òòlù ni ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn amòòkùn tí The Bay Foundation, àjọ kan tí ó ń dáàbò bo òkun agbègbè Los Angeles, kó padà sí Palos Verdes ní 2013. Òòrẹ̀ òkun méjì péré ni wọ́n fẹ́ kí ó ṣẹ́ kù lórí mítà kan níbùú lóòró, nítorí pé bí ó bá ti dín kù tó bẹ́ẹ̀, kelp sábà máa ń hù fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbìn ín.