Bí Kòkòrò Tí Apá Oògùn Kò Ká Ṣe Ń Wọ Wọ́ọ̀dù Ọmọ Tuntun

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí oògùn apakòkòrò kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ara aláìsàn ló ti mọ̀ ọ́n jù. "Ara rẹ̀ ti kọ Ampiclox," ni wọ́n máa ń wí. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta wá ńkọ́, tí kò lo oògùn kankan rí, tí ara rẹ̀ tutù, tí kò fa ọmú mọ́, tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un kò sì ta á jí? Ìgbà wo lara tirẹ̀ ráyè mọ oògùn? Kòkòrò tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló mọ oògùn náà, ó sì lè ti mọ̀ ọ́n kí ìyá rẹ̀ tó lóyún rẹ̀.

Bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Klebsiella pneumoniae wà lára àwọn kòkòrò tó ń da wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun láàmú jù nílẹ̀ Áfíríkà. Inú ìfun èèyàn ló sábà máa ń gbé, kì í sì í yọ ẹni tí ara rẹ̀ le lẹ́nu níbẹ̀. Ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé yàtọ̀. Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, agbára tó fi ń bá àrùn jà kò tíì gbó, wọ́n sì ti ki rọ́bà bọ imú rẹ̀, wọ́n ti ki abẹ́rẹ́ dírípù bọ iṣan rẹ̀.

Bakitéríà ń pọ̀ sí i nípa pípín sí méjì, àwọn mìíràn láàárín ogún ìṣẹ́jú tí oúnjẹ àti ooru bá tó wọn. Nínú àìmọye tí ń jáde bẹ́ẹ̀, àyípadà kékeré máa ń bọ́ sínú jíìnì àwọn kan, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú ara tó ń sọ bí bakitéríà á ṣe rí. Èyí tó pọ̀ jù kì í wúlò fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lè jẹ́ kó máa já oògùn sí wẹ́wẹ́, tàbí kó máa tì í jáde bó ṣe ń wọlé. Tí wọ́n bá wá lo oògùn yẹn, àwọn yòókù á kú, òun á ṣẹ́ kù, gbogbo àyè á sì di tirẹ̀. Kápúsù méjì tí ẹnì kan rà ní kẹ́míìsì nítorí ọ̀fìnkìn náà ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ìfun rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, kápúsù náà kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan.

Bakitéríà kì í sì í dúró dìgbà tó bá bímọ kó tó fi agbára yìí sílẹ̀. Ní Japan, ní ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ rí i pé èyí tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lè gba agbára àtikọ oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ bakitéríà tí kì í ṣe ìran rẹ̀. Òrùka jíìnì kékeré tí wọ́n ń pè ní plasmid ló ń gbé e. Tí méjì bá fara kan ara wọn, ọ̀kan á ṣe ẹ̀dà òrùka rẹ̀ fún èkejì. Nítorí pé orí òrùka kan náà ni wọ́n jọ wà, lílo ọ̀kan nínú àwọn oògùn yẹn tó láti jẹ́ kí agbára àtikọ mẹ́ta yòókù má parẹ́.

Nínú wọ́ọ̀dù, ọwọ́ ló ń gbé e kiri jù. Lóru, nọ́ọ̀sì kan lè máa tọ́jú ọmọ tó pọ̀. Ó ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọ̀kan lọ́wọ́, òmíràn dá èémí dúró, ó sáré débẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọtí ìfọwọ́ pa ọwọ́ dáadáa, ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni. Lójú ọmọ tí kò mí, ta ló máa dúró kà á? Ẹni tó bá dá nọ́ọ̀sì yẹn lẹ́bi kò tíì rí iye ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. Síǹkì náà wà níbẹ̀: Klebsiella lè lẹ̀ mọ́ inú páìpù rẹ̀ fún oṣù púpọ̀, omi tó ta jáde á sì gbé e bọ́ sórí ohun tó wà nítòsí. Èyí tó fara sin jù ni ìgò dírípù oníṣúgà tí wọ́n ṣí, tí wọ́n ń fa díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọmọ kan tẹ̀ lé òmíràn. Klebsiella ń bí sí i nínú omi yẹn láìsí nínú fíríìjì, omi náà á ṣì mọ́ gaara lójú.

Dókítà ò lè dúró de èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí ó máa ń gba ọjọ́ kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí kòkòrò tó hù ní láàbù. Ampicillin àti gentamicin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Klebsiella kò bẹ̀rù ampicillin láti ilẹ̀ wá, nítorí náà gentamicin nìkan ló ń bá a jà, èyí tó sì ń gbé òrùka plasmid kiri ti sábà kọ ìyẹn náà. Ìwádìí BARNARDS, tó kó ọmọ tuntun ní Kano, Abuja àti orílẹ̀-èdè mẹ́fà mìíràn jọ láàárín 2015 sí 2017, rí èyí lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n á bọ́ sórí meropenem, tó wọ́n. Ní 2008 ni wọ́n rí NDM, èròjà tó ń já meropenem pàápàá, lára aláìsàn kan tó ti gba ìtọ́jú ní Íńdíà. Lẹ́yìn ìyẹn ló ku colistin, tó lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ìdí nìyí tí wọ́ọ̀dù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi pípààrọ̀ oògùn nìkan ṣe. Tí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta bá kó Klebsiella kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á kó wọn sí igun kan pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tiwọn. Wọ́n á yẹ síǹkì, rọ́bà ìfàkẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ìgò tó ṣí wò. Èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé àmọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ àyà ìyá rẹ̀, ara sí ara, dípò íńkúbétọ̀ tí ọmọ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Tí èsì láàbù bá sì fi hàn pé kò sí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan, tí ara rẹ̀ sì ti yá, wọ́n á dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró. Èyí ló ń nira fún dókítà jù.