Ìlànà fún-mi-kí-n-fún-ọ nínú pínpín fáìlì

Ìlànà fún-mi-kí-n-fún-ọ ni òfin tí àwọn tó ń pín fáìlì láàárín ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń rí i pé ẹni tó ń gbà ń fún ẹlòmíràn náà. Kò sí kọ̀ǹpútà ńlá kan láàárín tó ń bọ́ gbogbo wọn. Inú kọ̀ǹpútà àwọn tó ń gba fáìlì gan-an ni fáìlì wà. Bí gbogbo wọn bá ń gbà tí ẹnì kankan kò fúnni, ó parí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 2000, Eytan Adar àti Bernardo Huberman, olùwádìí ní Xerox PARC, yẹ Gnutella, ètò kan tí wọ́n fi ń pín fáìlì, wò, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lò ó ni kì í pín ohunkóhun. Kazaa, ètò mìíràn irú rẹ̀ nígbà náà, ń fún àwọn tó ń pín ní máàkì, àmọ́ inú kọ̀ǹpútà oníkálukú ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Kò pẹ́ tí ayédèrú tó ń jẹ́ Kazaa Lite fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ máàkì tó ga jù fún gbogbo ẹni tó bá lò ó, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kó máàkì ìwé ìdánwò ara rẹ̀.

BitTorrent, tí Bram Cohen gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 2001, gba ọ̀nà mìíràn. Ó gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, àwọn tó ń gbà á sì ń ṣe pàṣípààrọ̀ wẹ́wẹ́ náà. Nínú ètò àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà kan ń ṣílẹ̀kùn fún mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń fún un ní nǹkan kíákíá jù lọ. Ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá ló ń tún un wò. Ẹni tó bá dẹwọ́, wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tó mọ àárò oko mọ èyí: ro tèmi lónìí, kí n ro tìrẹ lọ́la. Ṣùgbọ́n àwọn aláàárò tibí kò mọ ojú ara wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30, wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún ẹnì kan láìwo ohun tó mú wá.

Ibẹ̀ ni ọ̀lẹ ń gbà wọlé. Lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí ní ETH Zurich kọ BitThief, tó ń gba fáìlì tán láìfún ẹnikẹ́ni ní báìtì kan. Yàtọ̀ sí èyí, àárò kò lè de ẹni tó ti gba tirẹ̀ pé. Bó bá fẹ́, ó lè pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó máa lọ.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ tí èèyàn kì í wọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é fi ní ìwé gbèsè. Wọ́n ń fi ohun tí èèyàn gbà pín ohun tó fún àwọn ẹlòmíràn: ẹni tó gba gígábáìtì 10, tó fúnni ní 4, 0.4 ni réṣíò rẹ̀. Bó bá relẹ̀ jù, wọn ò ní jẹ́ kó gba nǹkan mọ́. Ní What.CD, ẹgbẹ́ apínrin-orin tó wà láti 2007 títí wọ́n fi tì í ní 2016, réṣíò tí wọ́n ń béèrè ń ga sí i bí ohun tí èèyàn gbà ṣe ń pọ̀ sí i.

Ìṣírò ibẹ̀ le díẹ̀. Báìtì tí ẹnì kan gbà, ẹlòmíràn ló fún un, nítorí náà 1 ni réṣíò gbogbo ẹgbẹ́ lápapọ̀. Bí ẹni tó háyà kọ̀ǹpútà tí ìlà rẹ̀ yára gan-an bá ní 5, àwọn kan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ 1, bó ti wù kí wọ́n gbìyànjú tó. Àwọn tó ń lo ADSL, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba wáyà tẹlifóònù, nílé ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, torí ìlà wọn ń gbà kíákíá ju bó ṣe ń fúnni lọ. Ẹni tó ń ra dátà fóònù tilẹ̀ ń sanwó ohun tó fúnni bíi ti ohun tó gbà. Àwọn ẹgbẹ́ wá dá freeleech sílẹ̀, àkókò tí wọn kì í ka ohun tí èèyàn bá gbà, àfi ohun tó fúnni nìkan. Àwọn mìíràn ń fún ẹni tó kàn fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn ní máàkì. Owó títẹ̀ ni, ká má purọ́.

Debian, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, náà ń fi BitTorrent pín ètò rẹ̀, àmọ́ kò sí ìwé gbèsè níbẹ̀: àwọn tó ni ín ló ń tan ẹ̀rọ tiwọn sílẹ̀.