Bí ọtí bá dákẹ́ nínú ìkòkò

Rírẹ ọkà bàbà, jíjẹ́ kó hù, sísá a, lílọ̀ ọ́ àti síse é, gbogbo ìyẹn ni àwọn ìyá tó ń pọn tchakpalo, ìyẹn ọtí ọkà bàbà, ní Ṣábẹ̀ nílẹ̀ Benin mọ̀ bí ẹni mowó. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló máa ń dẹ́rù ba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́: ó ṣí ìkòkò, kò rí ìfófó, ó ní ọtí ti kú. Ló bá da ṣúgà sí i, ó tún bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ míì lé e, ó ń rò ó. Ọtí ò kú o. Ó ṣì ń múra ni.

Ohun ẹlẹ́mìí ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná, èyí tí wọ́n tún ń pè ní kpètè-kpètè. Ìwúkàrà inú rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣúgà inú omi ọkà ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń sọ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Ẹ wò wọ́n bí àlejò òde ìyàwó. Àlejò kì í wọlé kó bẹ̀rẹ̀ sí í gùfẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Á wá ìjókòó, á fọwọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ á máa dé tẹ̀lé e. Ìwúkàrà náà ń bí sí i fún wákàtí díẹ̀, nígbà míì fún odindi ọjọ́ kan, kí ìfófó tó yọ. Ìfófó yẹn ni gígùfẹ̀ wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí oúnjẹ òde ṣe kù sí, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ń wò, kì í jókòó ka iye ìgbà tí àlejò gùfẹ̀.

Afẹ́fẹ́ náà pọ̀ púpọ̀. Bí ìwúkàrà bá jẹ gíráàmù 180 ṣúgà gulúkóòsì tán, 92 á di ọtí, 88 á di afẹ́fẹ́ tó ń gba àyè bíi lítà 49 nínú ooru ilẹ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí bídọ̀ọ̀nù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n dé pinpin fi ń bẹ́. Ìdí nìyẹn náà tí ihò kékeré lára ìdérí fi ń tan ènìyàn: ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á gbà lọ, rọ́bà tí wọ́n ti ẹnu rẹ̀ bọ omi ò ní hó mọ́, iṣẹ́ ò sì dúró. Lásìkò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ọtí tó ti ṣiṣẹ́ tán lè sun tútù mọ́jú. Bí wọ́n bá gbé e sí oòrùn, afẹ́fẹ́ tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, á máa hó bí ọtí tuntun.

Ọwọ́ ṣeé gbà gbọ́ ju ìfófó àti híhó lọ. Gbé bídọ̀ọ̀nù omi kan ti bídọ̀ọ̀nù ọtí lálẹ́, kí méjèèjì dọ́gba. Láfẹ̀mọ́júmọ́, fi àtẹ́lẹwọ́ kan ikùn wọn. Èyí tí wọ́n ti ń jẹun nínú rẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́, pàápàá bí ọtí bá pọ̀.

Ahọ́n ló wá ga jù. Tọ́ omi ọkà wò kó o tó bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i, kó o fi adùn yẹn sọ́kàn. Bó bá ń ṣiṣẹ́, adùn á máa fà sẹ́yìn, ohun tó ń ta lẹ́nu á máa gba ipò rẹ̀. Ohun kan náà ni densimètre ń ṣe, ọ̀pá gíláàsì tó ń léfòó: ṣúgà ń mú omi wúwo, ó ń gbé ọ̀pá sókè, bí ṣúgà ṣe ń tán, ọ̀pá ń rì. Ọtí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1050 lára ọ̀pá náà lè parí sí nǹkan bíi 1010. Adùn tchakpalo kì í tán kí wọ́n tó mu ún, nítorí náà ahọ́n ìyá ọlọ́tí tó o. Ẹni tó fẹ́ rọ ọtí sínú ìgò ni kó dúró títí ọ̀pá á fi dúró síbì kan náà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí adùn ò yẹ̀ rárá, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí omi ọkà tó ṣì gbóná gan-an. Bó bá gbóná tó 50°C, ikú ni fún ìwúkàrà. Ìgbà yẹn nìkan ló yẹ kí wọ́n tún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bù sí i, lẹ́yìn tí ìka bá ti lè dúró nínú rẹ̀ láìta ẹni.